Àwo Tí Ìyá Mi Yàn Fún Mi

Àwo tí mo fẹ́ràn jù nínú àpò mi, èmi kọ́ ni mo yàn án. Ká ní èmi ni, pupa ni ì bá jẹ́, ì bá máa dán yinrin, ì bá sì máa ta padà lára irin lójoojúmọ́, tí n ó máa bú ẹni tó rọ irin náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, funfun tó ti ṣá ni, ó rí bí ẹ̀kọ àná. Ó rọ̀, etí rẹ̀ ti họ, kò sì wu ojú rárá. Ìyá mi ló yàn án fún mi, ọwọ́ òsì ló sì fi yàn án. Bí ẹ bá mọ ìyá mi, ẹ ó mọ̀ pé gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà, torí àwọn ará ilé wa rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù pé àwo ni mò ń jù ní Lomé. Wọn á ri òpó irin kan mọ́lẹ̀, wọn á so agbọ̀n irin mọ́ ọn láàárín, wọn á wá fi ẹ̀wọ̀n wẹ́ẹ́rẹ́ yí òpó náà ká lókè agbọ̀n. Ẹ ó dúró lókèèrè, ẹ ó máa ju àwo rọ́bà pẹlẹbẹ síbẹ̀. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá fi ìwọ̀nba ìjù díẹ̀ bọ́ sínú agbọ̀n ló borí. Àwo tí à ń jù láti òkèèrè, etí rẹ̀ máa ń mú, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá sí agbọ̀n, àwo mìíràn lẹ ó mú, èyí tí etí rẹ̀ nípọn, tí kì í sáré, tó jẹ́ pé bó bá ti kan ẹ̀wọ̀n, yóò jókòó ni. Òun ni wọ́n ń pè ní pọ́tà. Àwo òkèèrè, ẹ lè yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Pọ́tà kì í ṣe ohun tí à ń yá, àtẹ́lẹwọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Alájọgbé wa ní Tokoin Wuiti, àdúgbò tí mò ń gbé ní Lomé, ló kó mi wọ eré yìí: tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo níbí, láti apá Atakpamé. Èdè tirẹ̀ àti tiwa, ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n bó bá sáré sọ ọ́, mo máa ń já bọ́ lọ́nà. Bó bá rọra sọ ọ́, mò ń gbọ́, ibi tí kò bá sì yé èmi tàbí òun, a ó fi Faransé dí i. Ibi tó ti lọ kàwé lókè òkun ló ti kọ́ eré náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ya òpó náà sórí bébà, ó gbé e lọ fún jórinjórin kan ní Djidjolé. Jórinjórin wò ó títí, ó bi í pé irú ẹyẹ wo ló fẹ́ sìn nínú rẹ̀. Ó ṣe é ṣá, tíṣà sì rì í mọ́ àgbàlá wa, lábẹ́ igi máńgòrò, nítòsí ẹ̀rọ omi.

Èmi, iṣẹ́ mi wà ní Kodjoviakopé, lẹ́nu ibodè. Ìwé ẹrù ni mò ń tọ̀ lẹ́yìn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá awakọ̀ fà á, tí mò ń bá aṣọ́bodè fà á, tí mò ń bá ẹni tó ní kí n padà wá lọ́la fà á. Nírọ̀lẹ́, n ó gun zẹ́mì, ọ̀kadà tibí, lọ sílé, n ó sì tún bá ẹni tó gbé mi fà á lórí ọ̀nà tó gbà. Ọjọ́ kan ni tíṣà gbọ́ ohùn mi lẹ́nu géètì. Ó na àwo kan sí mi, ó ní, "Àbúrò, wá ju èyí. Ọ̀rọ̀ tí o ti ń jù láti àárọ̀ ti tó." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ju àwo náà, ó gba orí ògiri lọ sílé kejì. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi eré náà sílẹ̀.

Oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi nílé, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Èmi nìkan ni ó bí, nítorí náà mo lọ gbé e wá sí Lomé.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá mi fi ta àwo: àwo tánganran, abọ́ irin, àwo rọ́bà. Bí oníbàárà bá mú àwo kan, ìyá mi á kọ́kọ́ gbà á padà. Á fi oríkèé ìka kàn án, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí po, á gbé e ka ibi pẹrẹsẹ wò bóyá ó ń mì. "Mi ò lè ta èyí tó ń mì fún ọ," ló máa ń wí, á sì mú òmíràn. Láàárín àwọn tó ń ta àwo ní ìlà tiwọn lọ́jà, òfin kan wà tí mi ò rí níbòmíràn: bí àwo bá bọ́ sílẹ̀, wọn kì í wò ó títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń gbé e, á nù ún, á fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé àwọn méjèèjì ò jọ sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Owó àwo ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun ló sì fi rán mi níwèé.

Àrùn náà pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹyọ ẹyọ. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀, nǹkan kan kò ṣe é. Dókítà sọ ọ́, obìnrin tó ń bá a na ọwọ́ ní ọsibítù sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́ títí ó fi sú mi: Màámi, ẹ máa lo òsì. Ìyá mi á gbọ́, á sì ti ọwọ́ òsì náà bọ abẹ́ ìró bí ẹni tó fi ohun olóhun pamọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣe é. Èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi òsì na ọjà sí oníbàárà, ìka mi ṣì rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi kò fi òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí, kò fi gba nǹkan, kò fi jẹun. Nígbà tó wá ku òsì nìkan, ó pinnu pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́, òun ò sì ní gbà. Bí aládùúgbò bá gbé búrẹ́dì wá kí i, á fi orí júwe tábìlì.

Oúnjẹ ńkọ́? Kò ní fi òsì bu òkèlè. Mo ní kí n máa fi sí i lẹ́nu. Ó wò mí, ó ní, "Èmi ni mo fi oúnjẹ sí ọ lẹ́nu. Kò ní yí padà." Ògì nìkan ló ń mu, nínú kọ́ọ̀bù tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, tó ń fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ fà á láìfọwọ́ kàn án.

Ògì nìkan kò gbé àgbàlagbà ró. Ìró tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ wá ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Egungun èjìká rẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Gbé mi lọ sílé." Mo mọ ilé tó ń wí. Kì í ṣe ìrìn àjò ló ń bẹ̀ mí fún, ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí ló ń wá. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo lè bá aṣọ́bodè jà, mo lè bá awakọ̀ jà, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ìyá mi jà lórí ìwà ọmọlúàbí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ mi?

Mo sì bá a jà, kí n má parọ́. Ọjọ́rú kan ni mo ti ibodè dé, ó rẹ̀ mí, mo bá ògì àárọ̀ níbi tí mo gbé e sí, awọ ti bò ó. Mo gbá ọwọ́ òsì ìyá mi mú, mo fi ṣíbí sí i, mo ní, "Ọwọ́ ni ọwọ́ ń jẹ́, Màámi. Ṣé ìtìjú lẹ fẹ́ kú fún ni?" Ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Kò gbé ojú sókè wò mí. Láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ṣe agídí, mi ò tọrọ àforíjì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, tíṣà kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi pọ́tà tuntun mẹ́fà ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ó ní ó ti tó gẹ́ẹ́ tí mo ti ń yá tòun, pé kí n yan ọ̀kan kí àwọn ẹgbẹ́ wa tí a jọ ń ju àwo tó dé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá mi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà tẹrí ba fún un, ó kí i ní Faransé, "Bonjour, Maman. Ça va?" Ìyá mi mi orí. Tíṣà kò na ọwọ́ sí i pé kó bọ̀ ọ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, ó ti kíyè sí i tipẹ́. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú àga náà, ó to àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí rẹ̀.

Ojú mi lọ sára pupa lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó le, ó ń dán, ó dà bí ohun tí ẹni tó mọ eré náà máa ń mú dání. Mo gbé e, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo ní, "Èyí ni." Tíṣà ní kí n fọwọ́ kan ìyókù ná, pé ojú kọ́ ni wọ́n fi ń yan pọ́tà. Mo ní ojú tèmi ti yàn án tán.

"Kí lẹ ń tà?"

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Mo yára dá a lóhùn kó má baà tún dákẹ́. Mo ní a ò ta nǹkan kan, àwo tí mo fẹ́ fi ṣeré ni mò ń yàn. Mo nàka sí agbọ̀n irin tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣàlàyé bí a ṣe ń jù ú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ ń ju àwo," ló wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé àwọn kan ń bu iyọ̀ sí tíì. Mo gbà pé ó parí síbẹ̀, ni mo bá gbé pupa mi sókè sójú oòrùn kí n lè rí bó ṣe ń dán.

"Ọmọ tí mo fi owó àwo tọ́," ìyá mi wí, ó ń yọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ ẹyọ, "kò mọ àwo yàn."

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa, Màámi, ẹ wá yàn án fún mi." Mo sì gbé àwo pupa náà lé e lórí itan.

Mi ò ro nǹkan kan nígbà tí mo ṣe é, ìbínú ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí apá àga, kò mira. Ó wo àwo náà, ó wò ó títí. Mo rí i pé ara rẹ̀ ò gbà á: àwo wà níwájú rẹ̀, wọ́n fẹ́ mú un lọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì kàn án. Ni ọwọ́ òsì bá yọ jáde lábẹ́ ìró. Ó fi oríkèé ìka kan àwo náà, kọ́, kọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí po. Tíṣà yí ojú sí igi máńgòrò bí ẹni tó ń ka èso.

"Èyí le," ìyá mi wí. "Ó máa ta padà." Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo gbé èkejì fún un. Ó gbé e ka apá àga, ó mì díẹ̀, ó tì í. Ẹ̀kẹta ní ìlà kan tó yọ lábẹ́ etí. Ó ní yóò máa gé mi níka. Ẹ̀kẹrin jìn jù, ó ní ìka mi kúrú, mo jọ bàbá mi. Ẹ̀karùn-ún, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹfà ni funfun ṣíṣá tó wà ní igun ẹní, èyí tí èmi ò tilẹ̀ kà kún. Nígbà tó kàn án, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó fi ìka tẹ àárín rẹ̀, ó wọlé, ó sì padà. Ó tọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí," ló wí. "Ọwọ́ rẹ máa ń làágùn láti kékeré. Èyí tó ń dán máa yọ̀. Èyí máa gbọ́ràn."

Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, òógùn ọwọ́ mi máa ń ba ìwé jẹ́, ìyá mi ló máa ń ki aṣọ pélébé sí mi lápò láràárọ̀. Èmi fúnra mi ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n n ò lè ṣe kí n má jiyàn, mo ní funfun yìí ò ní ìrísí. Tíṣà ní, "Àbúrò, ju méjèèjì wò. Doucement, jẹ́jẹ́ o."

Mo dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo ju pupa, ó kan ẹ̀wọ̀n gbàgà, ó ta jáde. Mo tún un jù, ó tún ta jáde, ó yí lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo wá mú funfun, ìbínú àwo pupa yẹn ni mo fi jù ú. Ó kọjá lókè agbọ̀n, ó kan igi, ó yí gbirigbiri padà wá, ó ṣubú lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá mi.

"O ń jù ú bí ẹni ń lé ewúrẹ́," ló wí.

Mo ń bọ̀ wá mú un. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì, òfin ọjà ti gbé ìyá mi. Ó ti tẹ̀ wálẹ̀, ó ti fi òsì gbé àwo náà, ó ti nù ún mọ́ ìró rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó sì ti nà án sí mi. Ìgbà náà ló tó rí ọwọ́ tó fi nà án. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí i. Ọwọ́ náà dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì bí a ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo gba àwo náà lọ́wọ́ òsì ìyá mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí lórí ọ̀rọ̀ ṣíbí."

"Dìde," ló wí. "Jù ú dáadáa."

Mo jù ú dáadáa. Ẹ̀wọ̀n dún, àwo náà fara tì í, ó sì rọra bọ́ sínú agbọ̀n. Tíṣà sọ̀rọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ọ̀tún wẹ òsì," ó sì dúró. Ohùn Ifẹ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òwe tiwa náà ni. Ìyá mi gbè é lẹ́sẹ̀: "Òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ wa dé. Gbogbo àwo tó bá ṣubú nítòsí àga ìyá mi, ó gbé e, ó nù ún, ó nà án. Tíṣà ti bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó wọlé, mo mọ̀, torí gbogbo wọn ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, àwọn tó ń sọ èdè Mina àti àwọn tó ń sọ èdè Ewe, wọ́n ń tẹrí ba bí ọmọ Ọ̀yọ́. Nígbà tó yá, ìyá mi ju ọ̀kan fúnra rẹ̀ láti orí àga. Kò dé ibì kankan. Ó ní àwo náà ni kò dáa.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà náà, n ò sì ní yé dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ jórinjórin tó rò pé ẹyẹ la fẹ́ sìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà tó fi òfin àwo sí ìyá mi lára, débi pé àrùn ò rí i mú lọ. Òógùn ọwọ́ mi tí mo ti ń bú láti kékeré pàápàá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ Àìkú náà, ògì nìkan ni ìyá mi ń mu.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ibodè dé nírọ̀lẹ́, mo ro àkúmẹ̀, ọkà àgbàdo tibí, mo se ilá sí i fún ara mi. Mo gbé kọ́ọ̀bù ògì síwájú ìyá mi. Ó wo ògì, ó wo àwo mi.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Àkúmẹ̀ ni, Màámi. Èyí tí ẹ ní ó dà bí ẹ̀kọ tí wọn ò rí ewé pọ́n."

"Gbé e wá." Mo gbé e. "Omi ńkọ́?"

Mo bu omi wá. Ó na ọwọ́ òsì, mo dà á sí i, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan, mo nù ún. Ó ní, "Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ń wo agbọ̀n irin tó wà ní àgbàlá. Mo gbọ́ tí ìka ń wọ ọbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń gbé e mì, ó dúró díẹ̀, mo tún gbọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún, kó má baà rí i pé apá mi mira. Òkùnkùn ti ń bọ́ sórí ewé máńgòrò kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ku òkèlè kan."

Mo rò pé ó ti yó, pé kí n wá palẹ̀ mọ́. Mo yíjú padà. Ó ti bu òkèlè náà, ó ti fi run ọbẹ̀, ó gbé e sókè sí mi. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e, ilá ń kán sórí ìró rẹ̀.

"La ẹnu," ìyá mi wí.

Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu.